Kí Ló Wà Lábẹ́ Íńtalọ́ọ̀kì Wa? Ìtàn Ilẹ̀ Títẹ́ Láti Ilé-Ifẹ̀ Dé Agége

Ní àsìkò òjò tó kọjá, íńtalọ́ọ̀kì ẹnu géètì ilé tí a ń gbé ní Agége rì. Kò ju búlọ́ọ̀kù méjìdínlógún lọ, àmọ́ ojú ibẹ̀ gan-an ni táyà mọ́tò ń gbà wọlé. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ bí adágún. Bí ọkọ̀ bá wá kọjá, ẹrẹ̀ á ta sí aṣọ funfun ẹni tó ń lọ kírun Jímọ́ọ̀. Búlọ́ọ̀kù méjì ti là sí méjì, ọ̀kan sì ti rún pátápátá. Màmá onílé wa ra àpò sìmẹ́ǹtì méjì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà àgbà kan ní àdúgbò pé kí ó wá da kọnkéré bo ojú ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá bíríkìlà wò ó títí. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sin òkú tí kò tíì kú. Nǹkan ń ṣe ilẹ̀ yìí lábẹ́. Bí a bá da kọnkéré bò ó, a ò ní mọ ohun tó ń ṣe é títí tí yóò fi dé ìdí ògiri yín."

Màmá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò kàn ní tú ilẹ̀ mi ká báyìí? Owó ọwọ́ mi ò ju èyí lọ o."

Bàbá ní kí wọ́n fún àwọn ní ọmọ méjì mẹ́ta tí yóò ran àwọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀. Àwa ni ọmọ náà.

Wọ́n ki irin pẹlẹbẹ méjì bọ ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń mì ín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jáde. Wọ́n ní èyí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣagídí, pé bí ó bá ti jáde, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí eyín ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Kò pẹ́ tí a fi tú méjìdínlógún, tí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A kó yanrìn abẹ́ wọn kúrò. Lábẹ́ yanrìn náà la ti rí ihò kan nínú ilẹ̀ pupa, tí orí ọmọdé lè wọ̀. Páìpù tó ń gbé omi láti táǹkì lọ sí ẹ̀yìnkùlé ti sán, omi rẹ̀ sì ń fọ iyẹ̀pẹ̀ lọ sínú gọ́tà láìsí ẹni tó mọ̀. Ká ní a ti da kọnkéré bò ó ni, ihò náà ì bá máa fẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ń dá àwọn búlọ́ọ̀kù padà, wọ́n ní kí a wo bí àwọn ṣe ń tò ó. Búlọ́ọ̀kù kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì, orí ọ̀kan ń kan ẹ̀gbẹ́ èkejì. Wọ́n ní egungun ẹja ni àwọn ń pè é. Ni ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n ti kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí, bá pariwo pé, "Mo ti rí èyí rí! Àmọ́ ti ibẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, àpáàdì ni."

Ibẹ̀ ni àròkọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a rò pé ìtàn ilẹ̀ títẹ́ kò ju bí àwọn èèyàn ṣe kúrò lórí erùpẹ̀ bọ́ sórí ohun tó le, tí ó sì ń le sí i, títí tó fi kan kọnkéré. Ohun tí a rí nígbà tí a wá ìtàn náà lọ yàtọ̀. Àwọn tó tẹ́ ilẹ̀ tó pẹ́ jù lọ kò gbára lé ohun kan gbàgìdì tó le. Nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò, tí ọwọ́ lè gbé kúrò, tí ọwọ́ sì lè dá padà.

Àpáàdì tó gbé Ilé-Ifẹ̀ ró

Ní Ilé-Ifẹ̀, kò di dandan kí ènìyàn gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kó tó rí ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ tẹ́. Níbi tí àgbàrá bá ti wọ́ erùpẹ̀ lọ ní ojú ọ̀nà, àpáàdì á yọrí jáde. Kì í ṣe pé wọ́n kàn da àpáàdì sílẹ̀ gbuurugbu. Etí ni wọ́n fi gbé wọn ró, wọ́n dúró ti ara wọn bí ìwé ṣe ń dúró lórí pẹpẹ. Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Bí àpáàdì bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí ó bá dúró lórí etí, tí òmíràn fún un mọ́ra ní iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo wọn ni yóò jọ gbé ẹrù náà. Ní ibòmíràn, wọ́n to àpáàdì ní ìlà gbọọrọ. Ní ibòmíràn, egungun ẹja ni, tí wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há a láàrin kí ó lè lẹ́wà. Nínú àgbàlá kan, wọ́n máa ń ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ibi ìrúbọ tàbí ibi ìtasílẹ̀ ni.

Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí àárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, ìgbà tí Ifẹ̀ ń rọ àwọn ère idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fún ẹnì kan ní iyì iṣẹ́ náà: Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin kan ṣoṣo tí a mọ̀ nínú àwọn tó jẹ Ọọ̀ni. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ṣẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, àpáàdì títò ni ìyà rẹ̀. Adékọ́lá Tẹ̀lú, ọmọ Lúwòó, ni àwọn ará Ìwó ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun ìlú wọn.

Àwa kò ní bá ìtàn Lúwòó jà. Àmọ́ iṣẹ́ tó gba ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ju iṣẹ́ ọba kan lọ. Ẹ tún ro iye ìkòkò tó gbọ́dọ̀ fọ́ kí àgbàlá kan tó kún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin ló sábà máa ń mọ ìkòkò. Obìnrin ló mọ ọ́n, obìnrin ló fi se ọbẹ̀, ọmọ ló gbé e lọ sódò tó fi fọ́. Nígbà tó fọ́, kò di ìdọ̀tí. Ẹni tó fẹ́ mú iná nílé aládùúgbò mú àpáàdì lọ, torí àpáàdì ló ń ko iná lójú. Èyí tó kù, wọ́n fi gbé ilẹ̀ ìlú ró.

Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó kan àwọn ère idẹ. Frank Willett wá walẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ alápàáàdì pàdé pẹ̀lú. Ní 1971 sí 1972, Peter Garlake walẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalárá, òun náà rí i. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ Elúyẹmí, ọmọ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan. Graham Connah rí irú rẹ̀ ní Benin City, ó tún rí i ní Daima lẹ́bàá Adágún Chad. Ó wà ní àwọn ibì kan ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo pẹ̀lú.

Ohun kan wà nínú àbọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn yìí tó mú wa rántí ẹnu géètì wa. Ní ibi mélòó kan ní Ifẹ̀, ilẹ̀ alápàáàdì kan wà lórí òmíràn. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ padà sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n tún un tẹ́. Ilẹ̀ tí a tẹ́ lẹ́ẹ̀kan kọ́ ni ilẹ̀ Ifẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń bójú tó láti ìran dé ìran ni.

Agége kí ọ̀dà tó dé

Agége kò dàgbà tó Ifẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi àpáàdì tẹ́ ẹ. Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń so orúkọ ìlú náà mọ́ iṣẹ́ gígé igi. Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò àti ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, nítòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko ńlá sí agbègbè náà. Ní 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀. Kòkó Agége ló kọ́kọ́ lókìkí, obì rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń wá kó o lọ sí òkè ọya.

Ohun tó jẹ́ kí obì náà rìn ni rélùwéè. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irin láti Èkó. Ó gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. A rò pé irin yìí ni ilẹ̀ títẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé ẹrù ńlá ní Agége. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè kọjá ti rí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ irin àti igi ìdábùú rẹ̀. Kò sí sìmẹ́ǹtì nínú rẹ̀. Òkúta náà kàn ń wọ ara wọn lẹ́sẹ̀ ni, wọ́n ń pín ẹrù ọkọ̀ kiri, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá títí tí ojú ibì kan bá rì, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé irin sókè díẹ̀, wọ́n á gún òkúta sábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà á sì tún gún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní 1901 nìyẹn. Lórí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, òkúta ṣì ni, ẹ̀rọ ló kàn ń bá ọwọ́ ṣe é báyìí.

Nínú àgbàlá, ilẹ̀ lásán ni, àwọn obìnrin ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gbá a láàárọ̀. Nínú ilé, wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ títí tí yóò fi dán. Bí ó bá ṣá, wọ́n á tún un pa. Ilẹ̀ pupa Agége kò sì rọrùn: ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nígbà ọyẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ aṣọ ilé-ìwé funfun ní Agége mọ ohun tí à ń wí.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì di ọba

Láàrin 1954 sí 1967, Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ dé, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, ilé àwọn òṣìṣẹ́ sì gba oko obì Agége díẹ̀díẹ̀. Ilé tó pọ̀ báyìí nílò sìmẹ́ǹtì.

Nkalagu, ní ìlà-oòrùn, ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1957. Ní 1960, ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Kò jìnnà sí Agége. Síbẹ̀, owó epo rọ̀bì mú kí ebi sìmẹ́ǹtì pa Nàìjíríà ju ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe lọ. Nígbà tó fi máa di 1975, ìjọba Gowon ti ṣe àdéhùn láti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, tí èbúté Èkó kò sì lè já ju ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi Èkó, wọ́n ń dúró fún oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn sì dúró títí sìmẹ́ǹtì inú wọn fi bàjẹ́. Orílẹ̀-èdè ló ń san owó ìdúró wọn.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ nítorí ó fi ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa nígbà náà hàn, tó sì ṣì wà níbẹ̀ lónìí: pé kọnkéré ni ìlọsíwájú, pé ẹni tó bá ti da kọnkéré sí àgbàlá rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Kọnkéré sì dára ní àyè rẹ̀. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àgbàlá, ó ní àléébù méjì. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ kò rí ibi wọ̀, inú gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, gọ́tà Agége kì í sì í ṣófo. Èkejì ni pé bí ó bá là, òòlù ńlá ni. Ohun tí òòlù bá fọ́ kò ṣeé dá padà mọ́. Ènìyàn á fọ́ ọ, á kó o dànù, á tún ra sìmẹ́ǹtì.

Íńtalọ́ọ̀kì kò ti Agége wá

Ibi tí búlọ́ọ̀kù ẹnu géètì wa ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Họ́láńdì, ilẹ̀ rọ̀, omi sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bíi ti apá ibi púpọ̀ ní Èkó. Ilẹ̀ wọn máa ń rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to bíríkì alámọ̀ sórí yanrìn ní ìgboro láti ayébáyé. Bí òpópónà bá rì, wọ́n á tú bíríkì, wọ́n á fi yanrìn kún un, wọ́n á tún bíríkì kan náà tò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí ìlú Rotterdam, àárín ìlú náà sì run. Lẹ́yìn ogun, bíríkì wọ́n, ilé ni wọ́n sì nílò rẹ̀ fún. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré mọ búlọ́ọ̀kù tó tó bíríkì, wọ́n sì tò ó bí wọ́n ti ń to bíríkì tẹ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Fritz von Langsdorff ní Jámánì ṣe irú èyí tí etí rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, tí etí ọ̀kan ń há mọ́ ti èkejì. Ìhámọ́ra yìí ni orúkọ íńtalọ́ọ̀kì ń sọ. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ títì wa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń po sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú òkúta pọ̀ sínú móòdù, tí wọ́n ń fi àwọ̀ pupa sí i, tí wọ́n sì ń sá a sílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: sìmẹ́ǹtì ni, àmọ́ ọgbọ́n àpáàdì ló fi ń ṣiṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù kan kò lè gbé mọ́tò. Yanrìn tó wà láàrin rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ ló ń mú kí wọ́n jọ gbé e. Egungun ẹja sì ní ìdí tirẹ̀. Bí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù ní ìlà tó gún, táyà tó ń yí lè tì odidi ìlà kan kúrò láyè. Nínú egungun ẹja, kò sí ìlà tó gún lọ jìnnà, ibi yòówù tí táyà bá tì sí, búlọ́ọ̀kù kan á dínà. A kò sọ pé àwọn ará Họ́láńdì kọ́ ọ lọ́wọ́ Lúwòó o. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà to bíríkì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní láti fi nǹkan wẹ́wẹ́ gbé ohun tó wúwo, ọgbọ́n náà ni yóò bá pàdé.

Ohun tí Bàbá bíríkìlà mọ̀

Ní ẹnu géètì wa, a rí i pé búlọ́ọ̀kù pípààrọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù nìkan. Búlọ́ọ̀kù tó rì ń jẹ́rìí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ohun mẹ́rin ni Bàbá ní kí a máa wá: páìpù tó ń jò, ilẹ̀ tí wọn kò gún dáadáa níbẹ̀rẹ̀, etí ibi tí kò ní kọ́ọ̀bù tó há búlọ́ọ̀kù mọ́ra, àti búlọ́ọ̀kù tí kò nípọn tó ẹrù tó ń gùn ún. Èyí tó nípọn tó 60 mílímítà tó fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ibi tí ọkọ̀ ẹrù bá ń wọ̀, 80 ló yẹ.

A tún páìpù ṣe. A da ilẹ̀ pupa sínú ihò náà ní ìpele ìpele, a ń gún un, a kò dà á kún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà la da yanrìn tó ní hóró sórí rẹ̀, tó nípọn tó ìka ọwọ́ méjì, a sì fi pákó tó gún fà á kó tẹ́jú. Bàbá ní kí a jẹ́ kó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí yóò sọ̀ kalẹ̀ bí a bá gún un. A to búlọ́ọ̀kù padà láti ẹ̀gbẹ́ tí kò rì wá sí àárín, kí tuntun lè bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. A fi pákó lé e, a gún un mọ́lẹ̀. Ní ìkẹyìn, a gbá yanrìn gbígbẹ tó kúnná sínú àlàfo wọn títí tí kò fi gbà mọ́.

Ibí yìí ni Màmá ti ní kí a po sìmẹ́ǹtì dí àlàfo náà kí koríko má hù. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i ti sọ íńtalọ́ọ̀kì di kọnkéré: omi kò ní wọlẹ̀, èyí tó bá sì fọ́ lọ́jọ́ mìíràn kò ní ṣeé tú láìfọ́ mẹ́rin mìíràn. Ọ̀pọ̀ àgbàlá la ti rí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, a kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àléébù ni.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló padà sáyè rẹ̀. Mẹ́ta ni a pààrọ̀, ara àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ìdáná láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ náà. Bàbá ní ẹni tó bá ń tẹ́ íńtalọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ pa mọ́, torí móòdù ń yí padà, ẹni tó bá padà wá irú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè má rí i. Nínú àpò sìmẹ́ǹtì méjì náà, kò ju ìdajì ọ̀kan lọ tí a lò, fún ìdí kọ́ọ̀bù. Màmá fi ìyókù tún ilé ìdáná ṣe.

Ohun tí a lè pàdánù

A bi Bàbá léèrè bóyá wọ́n ní ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní méjì ló wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá báyìí, èkejì ń ta fóònù. Wọ́n ní títẹ́ ilẹ̀ tuntun ní owó nínú, àwọn tó ń ṣe é sì pọ̀, àmọ́ àwọn tó mọ bí a ti ń tú ti àtijọ́ kí a sì mọ ohun tó ṣe é kò pọ̀ mọ́. Ó rọrùn láti da kọnkéré bò ó. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó wà lábẹ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Díẹ̀ nínú àwọn ilẹ̀ alápàáàdì náà wà lábẹ́ ìtọ́jú, bíi ti Ìta Yemòó. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà tí táyà ń tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́, àgbàrá ń ṣí wọn, wọ́n ń kọ́lé lé wọn lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìran fi ọwọ́ tò lè lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí katakátá bá wá tẹ́ ilẹ̀ ilé tuntun. A kì í sì í gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, torí àpáàdì lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nínú kíláàsì ìtàn, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan la máa ń kọ́ nípa rẹ̀: ọba tó pàṣẹ, gómìnà tó ṣí títì, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A kì í kọ́ nípa ẹni tó tún un ṣe. Síbẹ̀, bí ẹnì kan kò bá tún ilẹ̀ Ifẹ̀ tẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ kan kò bá gún òkúta sábẹ́ irin rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò mọ̀, kì bá sí ohun tí a óò kọ̀tàn lé lórí. Orúkọ Lúwòó wà nínú ìtàn. Orúkọ ẹni tó padà wá to ìpele kejì kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ bá wa wo ilẹ̀ àgbàlá yín. Ẹ bi àwọn òbí yín ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹ, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó tẹ́ ẹ. Bí apá kan bá rì, ẹ bá wọn sọ pé kí wọ́n tú u wò kí wọ́n tó ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba Ifẹ̀ kọjá, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Òjò ńlá ti rọ̀ ní Agége lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí a pààrọ̀ ṣì pọ́n ju àwọn yòókù lọ, ojú tètè ń rí wọn. Omi kò dúró síbẹ̀ mọ́.